Ọjọ́ Mẹ́fà Nínú Òjò Dídì Pẹ̀lú Bàtà Mẹ́ta

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró di ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọ bàtà wò. Ẹsẹ̀ ènìyàn a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Bàtà tó bani lẹ́sẹ̀ mu láàárọ̀ lè há tó bá di alẹ́. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo máa wọ̀ nínú igbó gan-an, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, nípọn lókè, kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ ohunkóhun.

Bàtà méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, awọ ni, ó ga dé àárín ojúgun, wọ́n sì kọ 1,000 girámù sí ahọ́n rẹ̀. Èkejì náà, awọ ni, kò ga tó yẹn, 400 girámù ló wà lára tirẹ̀, mo sì ti fi rìn fún oṣù méjì títí tó fi rọ̀ tó sì mọ ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń rò pé girámù yìí ni ìwọ̀n bàtà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú bàtà òtútù, ìtẹ́nú kan wà láàárín awọ àti aṣọ inú, irú bíi Thinsulate, tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ra kí ooru ẹsẹ̀ má baà sá lọ. Ohun tí ìtẹ́nú yẹn bá wọ̀n, tí a bá gé e ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. 200 tọ́ sí ẹni tó máa rìn látàárọ̀ dalẹ́ nígbà tí òtútù kò tíì le. 400 wà fún ìrìn nínú òtútù gidi. 800 lọ sí 1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tó máa jókòó sójú kan de ẹran. Ní ti "-40°C" tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára páálí, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ọ̀nà tó gbà ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà n kì í gbọ́kàn lé e.

Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ 1,000 yẹn ni mo yàn láti wọ̀ lọ. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé èyí tó nípọn jù ni yóò gbà mí lọ́wọ́ òtútù. Mo ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, mo fẹ́ ki ìka ọwọ́ kan sẹ́yìn gìgísẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ìka náà kò ráyè wọlé tán. Mo ní yóò fẹ̀ tó bá yá. Mo di bàtà kejì mọ́ ẹrù.

Ọjọ́ kìíní

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà pin sí. Àwa mẹ́ta ni: ẹ̀gbọ́n wa tó ti ń dẹ igbó yìí tipẹ́, àbúrò kan tí èyí jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, àti èmi. Kìlómítà 7 ló kù ká dé ahéré, òkè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òjò dídì sì ti bo ilẹ̀ dé ojúgun. Òtútù wà ní -6°C.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

"Ṣé ìjókòó lo wá jókòó ni, àbí ìrìn la fẹ́ rìn yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù ni mò ń sá fún."

"Wàá lagun."

A kò tíì rìn tó ìṣẹ́jú 40 tí ọ̀rọ̀ wọn fi ṣẹ. Nǹkan bí 250,000 ihò òógùn ló wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń mọ bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹsẹ̀ lélẹ̀. Nígbà tí a dé ahéré tí mo bọ́ bàtà, ooru ń rú lára ẹsẹ̀ mi bí èéfín. Mo fún ìbọ̀sẹ̀, omi kán tó-tó sílẹ̀.

Mo gbé bàtà sún mọ́ ààrò. Ẹ̀gbọ́n yára fà á kúrò níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Awọ tí iná bá yan a máa súnkì, a sì máa là. Àlẹ̀mọ́ tó so àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́ ọn náà a máa yọ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n ní kí n ká a sínú bàtà, kí n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń rin, kí n sì gbé bàtà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ìwé kí n tó sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n rán ìtẹ́nú bàtà náà mọ́ inú rẹ̀ ni, kò ṣeé yọ jáde, ó sì nípọn. Kò lè gbẹ mọ́jú.

Ọjọ́ kejì

Mo ki ọwọ́ bọ inú bàtà láàárọ̀. Apá ibi ọmọ ìka ṣì rin. Ìta wà ní -14°C, ìjókòó lórí ẹ̀gùn, pákó tí ọdẹ ń kàn sórí igi láti jókòó de ẹran, sì ni iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n pín fún mi. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tó nípọn, mo tún fi òmíràn tó nípọn lé e, mo wá fa okùn bàtà le dan-in dan-in kí afẹ́fẹ́ kankan má baà ráyè wọlé.

Mo gun ẹ̀gùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Fún bíi wákàtí kan, gbogbo nǹkan dára. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, àtàǹpàkò kọ́kọ́, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Mo gbìyànjú láti máa mì wọ́n nínú bàtà, kò sí àyè tí wọ́n máa mì sí. Ìta náà wá di ìro, ìro náà pẹ́. Nígbà tó ṣe, ó lọ. Inú mi dùn pé ara ẹsẹ̀ ti móoru. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí sí i kí n tó rí i pé n kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òsì mi kan pákó tí mo jókòó lé lórí tàbí kò kàn án. Mo fojú wò ó kí n tó mọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ̀ kalẹ̀, mo rọra ń fi ọwọ́ di àtẹ̀gùn mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí n kò lè fọkàn tán ẹsẹ̀ mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wà ní ahéré. Nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà fún mi, ọmọ ìka mẹ́ta ti funfun bí àbẹ́là, wọ́n sì tutù bí òkúta. Mo na ọwọ́ láti fi ra wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Má ra á. Awọ ara lo máa ya."

"Ṣé kí n nà án sí iná?"

"Kò mọ iná lára báyìí. Yóò jóná kí o tó mọ̀."

Wọ́n ṣí ẹ̀wù wọn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé ikùn wọn ní ìhòòhò, wọ́n fi ẹ̀wù bò ó. Mo rí i bí ara wọn ṣe gbọ̀n nígbà tí ẹsẹ̀ mi kàn wọ́n. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọn kò sì gbé e kúrò. A wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ìrora ìpadàbọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn sì ju ti òtútù lọ. Omi bọ́ lójú mi. Ọpẹ́ ni pé ibi tí ó mọ nìyẹn. Ká ní ó ti wọnú ẹran ara ni, ẹsẹ̀ kò ní rọ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín 37°C sí 39°C nìkan ni wọ́n máa ń fi yọ́ irú rẹ̀, wọ́n á sì gbé ẹni náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọn kì í tilẹ̀ yọ́ ọ bí ewu bá wà pé yóò tún dì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìpalára ẹlẹ́ẹ̀kejì a máa burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo fi gbogbo ọ̀sán ro ohun tó ṣẹlẹ̀, torí n kò fẹ́ kó ṣe mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi ń fa ooru jáde lára ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìgbà 25. Bàtà tó rin ni mo gbé lọ jókòó. Ìbọ̀sẹ̀ nínípọn méjì tí mo kì sínú bàtà tó ti há tẹ́lẹ̀ ti tẹ afẹ́fẹ́ inú ìtẹ́nú jáde, afẹ́fẹ́ yẹn gan-an sì ni ohun tó ń múni móoru. Okùn tí mo fà le ti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 1,000 girámù náà kò jẹ̀bi nínú gbogbo rẹ̀.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n sọ ìtàn Roald Amundsen, ará Norway tó kọ́kọ́ dé òpin ayé níhà gúúsù. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1911 ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbéra. Òtútù lọ sí nǹkan bí -56°C, wọ́n sì ní láti padà, gìgísẹ̀ àwọn kan nínú wọn ti dì. Bàtà wọn ni wọ́n ti ń tú tí wọ́n ń tún rán láti ìgbà òtútù, kí àyè inú rẹ̀ lè pọ̀ sí i, torí wọ́n rí i pé ó há. Wọ́n tún gbéra nínú oṣù kẹwàá, wọ́n sì débẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá. Nínú bàtà wọn, koríko gbígbẹ wà níbẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn Sámi ti àríwá Norway, Sweden àti Finland ti ń lò láti ayébáyé: koríko náà á mu òógùn, á há afẹ́fẹ́ mọ́ra, wọ́n á yọ ọ́ lálẹ́, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á tún kì í padà. Àbúrò wa béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn wọ bàtà tó nípọn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èyí tó ṣeé gbẹ ni wọ́n wá."

Ọjọ́ kẹta

Oòrùn yọ, òtútù rọ̀ sí -3°C. Ẹsẹ̀ mi ti padà sípò, awọ rẹ̀ ṣì ń pọ́n díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó gbà kí n jáde. A fẹ́ tọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín kan tó gba ẹ̀gbẹ́ odò dídì lọ, ìrìn ni kìkì. Mo wọ bàtà 400 girámù.

Ẹ̀gbọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so okùn. Láti ibi ọmọ ìka dé ojú ẹsẹ̀, mo jẹ́ kó rọ̀. Níbi tí ojú ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sókè lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, mo yí okùn méjèèjì mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, mo fà á. Ó dúró síbẹ̀ láìjẹ́ pé mo so kókó. Láti ibẹ̀ lọ sókè, mo fà á le. Gìgísẹ̀ kò gbéra mọ́ nígbà tí mo bá ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìka mi ń ṣeré níwájú. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ọ́n lánàá ni.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú ni àbúrò wa wọ̀. Òwú a máa mu omi, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ní ẹsẹ̀ òun ti tutù. Ẹ̀gbọ́n yọ ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn kan láti àpò àyà wọn, ibi tí ooru ara ti ń mú un gbóná, wọ́n ní kó pààrọ̀ rẹ̀ lórí igi tó wó. Irun àgùntàn lè mu omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó máa ṣe ẹni bíi pé ó rin.

A sọdá odò lórí yìnyín. Níbẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ti di ọ̀ràn. Rọ́bà kan wà tí òtútù ń sọ di líle bí pákó, yóò sì máa yọ̀. Rọ́bà rírọ̀ tí ojú rẹ̀ jìn ló ń di ilẹ̀ mú. Irú àtẹ́lẹsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ bàtà òkè ń lò lónìí wá láti ọwọ́ Vitale Bramani, ará Ítálì, tó ṣe Vibram jáde ní 1937 lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà kú sórí òkè ní 1935 nínú bàtà tí kò yẹ òtútù. Mo ń ronú kan wọn bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sán ni wàhálà dé. Òjò dídì ń yọ́, gbogbo ilẹ̀ di ọ̀rinrin. Èmi gbà pé òtútù gbígbẹ ti -15°C sàn fún ẹsẹ̀ ju òtútù olómi tó wà nítòsí òdo lọ. Bàtà mi ní Gore-Tex nínú, ìyẹn aṣọ tó wá láti inú ohun tí Bob Gore ṣàwárí ní 1969, tí ihò rẹ̀ kéré débi pé ẹ̀kán omi kò lè wọlé ṣùgbọ́n oru òógùn lè jáde. Òótọ́ ni, omi kò dé ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n awọ ìta ti mu omi yó, ó wúwo, ó tutù, òógùn kò sì rọ́nà jáde bíi ti àárọ̀. Lálẹ́, tí awọ ti gbẹ díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò mú ìda oyin, mo fi ooru ọwọ́ yọ́ ọ, mo sì fi ra ojú ìrán kọ̀ọ̀kan títí tó fi wọlé. Ojú ìrán ni omi máa ń kọ́kọ́ wá.

A kò rí àgbọ̀nrín náà. Mo ṣáà sùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Ọjọ́ kẹrin

-17°C, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹ̀gùn ló tún kàn mí, àyà mi sì já. Ẹ̀gbọ́n wọ abẹ́ ibùsùn, wọ́n fa bàtà kẹta jáde, tiwọn tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sí ahéré: rọ́bà nísàlẹ̀, awọ lókè, ìtẹ́nú irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ wà nínú rẹ̀ bí bàtà kejì, èèyàn á sì fọwọ́ fà á yọ pátápátá. Ó tóbi jù mí lọ díẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Mo fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n ní rárá. "Wọ èyí tí o fi ń rìn. Gbé èyí kọ́ ẹ̀yìn."

Mo fi bàtà 400 girámù rìn dé ìdí igi, jẹ́jẹ́, mo ṣí ọrùn ẹ̀wù kí n má baà lagun. Níbẹ̀, mo jókòó sórí àpò mi, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti rin díẹ̀, mo fi aṣọ nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí ẹsẹ̀ mi ní ìhòòhò mú bí abẹ́, ìṣẹ́jú kan péré ni. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà gbígbẹ, mo so okùn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ kan sórí pákó ẹ̀gùn, mo gbé ẹsẹ̀ lé e kí pákó má baà máa fa ooru gba ìsàlẹ̀ lọ.

Wákàtí márùn-ún ni mo jókòó. Ní wákàtí kejì, ẹsẹ̀ mi tutù, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Mo mi ọmọ ìka ní ìgbà ogún, ó móoru. N kò ní láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kìì-kìì bíi ti ijọ́ kejì, ìró yẹn ì bá sì ti lé gbogbo ohun tó wà nínú igbó lọ. Ẹ̀horo kan kọjá lábẹ́ mi, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ́n nígbà tí àgbọ̀nrín náà yọ láàárín igi, ó ń fi imú wá nǹkan nínú òjò dídì. Mo dúró títí ó fi yí ẹ̀gbẹ́ sí mi. Ìbọn kan ni.

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró yẹn, n kò rántí ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ karùn-ún

Ẹran ni a fi gbogbo ọjọ́ fà dé ahéré, a sì kun ún. Àbúrò wa ní ìléròrò ní gìgísẹ̀, bàtà tirẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lẹ báńdéèjì mọ́ ọn kó tó bẹ́. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń tẹ̀ lórí ìka ẹsẹ̀.

Lálẹ́, mo yọ ìtẹ́nú bàtà ẹ̀gbọ́n, mo fi kọ́ sókè ààrò níbi tí ooru ti ń dé wẹ́rẹ́. Ó gbẹ kí a tó sùn. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì kí n lè dá ara mi lójú.

Ọjọ́ kẹfà

A ń di ẹrù láti padà. Bàtà 1,000 girámù náà wà ní igun, ìwé ìròyìn ṣì kún inú rẹ̀. Ó ti gbẹ tán. Bàtà tó dára ni, wọ́n rán an dáadáa, ẹsẹ̀ mi ló tóbi jù fún un. Mo wo ẹsẹ̀ àbúrò wa, tirẹ̀ kéré ju tèmi lọ.

"Wá wọ èyí wò."

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín mà ni."

"Wọ̀ ọ́ ná. Ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì ni kí o wọ̀ o."

Ó ti ọmọ ìka síwájú. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ki ìka ọwọ́ mi sẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó wọlé dé ìpìlẹ̀, kò há, kò sì ṣẹ́kù. Mo ní kó mi ọmọ ìka, mo rí i bí awọ iwájú ṣe ń gbéra fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Mo fi okùn hàn án, bí a ṣe ń yí i lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀. Mo sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi rìn jáde lónìí, torí ọ̀nà jìn, yóò lagun. Ìgbà tó bá kan ẹ̀gùn ni kó wọ̀ ọ́.

Ó ní kí òun kàn fi tẹ ilẹ̀ wò. Ó jáde síwájú ahéré, ó rìn yí igi kan ká, ó padà. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere nínú òjò dídì tó bọ́ lóru, gìgísẹ̀ jinlẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú iwájú. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ẹrù wọn kọ́ ẹ̀yìn, a sì gbéra.